Èjìgbò àti Abúlé Àyíká Rẹ̀: Ilẹ̀ Tí Ó Ń Dúró De Ọmọ Rẹ̀

 

Nígbà púpọ̀, ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́, tàbí ọ̀rọ̀ kòkòrò tí ń ba àgbàdo jẹ́ nínú àká ni a máa ń bá yín sọ. Lónìí, ọ̀rọ̀ ìtàn ni a gbé wá. Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni àgbẹ̀ fẹ́ fi ìtàn ṣe. Ìdáhùn wa ni pé ilẹ̀ tí a ń ro ní ìtàn tirẹ̀, àti pé ẹni tí kò mọ bí ilẹ̀ ṣe kan ìdílé rẹ̀ ni ẹlòmíràn máa ń tètè tì kúrò lórí rẹ̀. Èjìgbò àti àwọn abúlé rẹ̀ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò wọ́pọ̀ kí ọmọ ìlú kan pọ̀ lẹ́yìn odi tó bí ọmọ Èjìgbò ti pọ̀.

Ibi tí Èjìgbò wà

Àárín àwọn ìlú ńlá ni Èjìgbò tẹ̀dó sí. Láti Ẹdẹ dé ibẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 24. Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní ìhà àríwá rẹ̀ ní nǹkan bí kìlómítà 30, Ìwó wà ní nǹkan bí 35, Òṣogbo tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì wà ní nǹkan bí 40. Àwọn ìlú kéékèèké àti abúlé bí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, Máṣífà, Ìláwọ̀ àti Ṣọ̀ngbé wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe igbó kìjikìji, kì í sì í ṣe ọ̀dàn gbalasa. Ibi tí igbó ti ń parí tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ wo orúkọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ẹ ó rí i pé àwọn tí ó sọ ọ́ mọ irú ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé. Iṣu ń ṣe dáadáa níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí àti ata. Ọ̀pẹ wà, igi irúgbá tí àwọn ìyá wa ń fi èso rẹ̀ ṣe irú náà wà.

Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 132,641 ní ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò, lórí ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 373 ní ìbú àti òòró. Ṣùgbọ́n àwọn tí a bá nílé nìkan ni a kà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ náà wà ní ibi tí akànìyàn Nàìjíríà kò lè dé. Àwọn ni ọ̀rọ̀ wa yóò dé ọ̀dọ̀ wọn láìpẹ́.

Ọba tí ó fẹ́ràn iyán

Akínjọlé ni ìtàn sọ pé ó tẹ Èjìgbò dó, láti Ilé-Ifẹ̀ ni ó sì ti wá. Ògìyán ni orúkọ oyè ọba ìlú náà títí di òní, àwọn ènìyàn a sì tún máa pè é ní Ẹléjìgbò. Ọba Omowonuola Oyeyode Oyesosin Kejì gorí ìtẹ́ náà ní ọdún 1974.

Ìtàn kan wà tí àwọn àgbà ń sọ, tí Pierre Verger, ará Faransé tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ òrìṣà, sì kọ sínú ìwé. Wọ́n ní Akínjọlé fẹ́ràn iyán púpọ̀, débi pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí í ṣe babaláwo ń pè é ní Ajẹ-iyán. Babaláwo yìí bá a ṣe ohun tí ó yẹ kí ìlú rẹ̀ lè gbèrú, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ó padà dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ìlú ti di ńlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti di ọba pàtàkì. Ó dé ẹnu ọ̀nà ààfin, ó béèrè pé Ajẹ-iyán ńkọ́. Inú bí àwọn ẹ̀ṣọ́ pé irú ènìyàn wo ni yóò máa pe ọba bẹ́ẹ̀. Wọ́n nà án, wọ́n sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n. Ọdún méje ni ó lò níbẹ̀. Fún ọdún méje náà òjò kò rọ̀, obìnrin kò rí ọmọ bí, ẹṣin ọba kò sì rí koríko jẹ. Nígbà tí ọba dá ifá ni wọ́n wí fún un pé ẹnì kan wà ní ẹ̀wọ̀n tí kò ṣẹ̀. Wọ́n wá a, wọ́n rí i, ọba sì bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà láti dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn ará ìlú máa fi àtòrì na ara wọn lọ́dọọdún.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé nígbà ọdún Òrìṣà Ògìyán, tí í ṣe ọdún iṣu tuntun, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Òṣòlò àti àwọn ará Òkè Màpó máa ń kojú ara wọn pẹ̀lú àtòrì. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò nílẹ̀ Yorùbá gbé òrìṣà yìí kọjá òkun. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, Oxaguiã ni wọ́n ń pè é. Iyán ni wọ́n ń fi bọ ọ́, ọmọ odó wà nínú ohun tí ó ń gbé lọ́wọ́, àtòrì sì wà nínú ọdún rẹ̀ níbẹ̀ náà.

A kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ wa, Kìrìsìtẹ́nì ni ọ̀pọ̀. Ohun tí a fẹ́ kí àgbẹ̀ rí níbẹ̀ ni pé orí ebè iṣu ni àwọn baba ńlá Èjìgbò gbé ìlú wọn kà. Wọ́n sì gbà pé bí a bá fi ẹ̀tọ́ du ẹnì kan, gbogbo oko ni yóò fara gbá a.

Ìgbà ogun

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ó ka Èjìgbò mọ́ àwọn ìlú Ìbọ̀lọ́, pẹ̀lú Ọ̀fà, Ìkìrun, Òṣogbo, Ìlobùú àti Ẹdẹ. Ìpínlẹ̀ Ìbọ̀lọ́ yìí wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ àtijọ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ilé tú, àgbègbè wọ̀nyí ni ogun Ìlọrin ń gbà kọjá. Ní nǹkan bí ọdún 1840 ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo, láti ìgbà náà sì ni agbára Ìbàdàn ti tàn dé àwọn ìlú Ọ̀ṣun. Ogun kò tán nílẹ̀ Yorùbá títí di ọdún 1893, tí ogun Kírìjì parí pátápátá.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú oko? Ó ní i ṣe púpọ̀. Nígbà ogun, kò sí ẹni tí ó lè dá oko etílé sílẹ̀ kí ó lọ sùn ní oko ẹgàn. Nígbà tí ogun tán ni àwọn ìdílé tún padà sí ahoro baba wọn, tí wọ́n ro ó, tí wọ́n sì gbin pèrègún sí ààlà. Ọ̀pọ̀ ààlà tí àwọn ìdílé ń tọ́ka sí lónìí, ìran àwọn tí ó padà sóko lẹ́yìn ogun ni ó tún un fi lélẹ̀.

Kòkó kò gbà, reluwé kò yà

Bí àlàáfíà ti dé ni òwò tuntun dé. Kòkó di owó ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Iléṣà àti ní Oǹdó. Kòkó fẹ́ igbó tí ó ṣókùnkùn àti ọ̀rinrin tí ó pẹ́ nílẹ̀. Etí ọ̀dàn tí Èjìgbò wà, ọ̀gbẹlẹ̀ ibẹ̀ a máa gùn, kòkó kò sì lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ bí ó ti ṣe ní Ifẹ̀.

Ojú irin náà dé. Ó dé Ìbàdàn láti Èkó ní ọdún 1901, ó sì dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Ọ̀nà Ẹdẹ ni ó gbà kọjá, kò yà sí Èjìgbò. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi èlùbọ́ tàbí epo ránṣẹ́ sí Èkó ní láti kọ́kọ́ gbé e dé ìdí ọkọ̀ ní ìlú mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba òyìnbó ń béèrè owó orí, owó náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ owó tí a lè kà sílẹ̀, kì í ṣe iṣu.

Ẹ jẹ́ kí a ro ó. Àgbẹ̀ ní iṣu, ó ní ọkà, ó ní ọwọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò ní kòkó, kò sì ní ojú irin. Kí ni yóò tà? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ gbé ẹrù kalẹ̀, wọ́n sì mú ọ̀nà pọ̀n. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà lọ sí ilẹ̀ Gánà, tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Àwọn ará Èjìgbò kọjá Gánà, wọ́n lọ sí ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso, ìyẹn Côte d'Ivoire.

Ọ̀nà Àbíjàn

Ní ọdún 1904 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ ojú irin tiwọn láti Àbíjàn lọ sí òkè. Ó dé Bouaké ní ọdún 1912. Bí ojú irin ṣe ń lọ ni ọjà ń ṣí lẹ́bàá rẹ̀, àwọn oníṣòwò Yorùbá sì ń tẹ̀lé e. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ta àwo, wọ́n ta ohun èlò kéékèèké tí obìnrin ń lò nínú ilé. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n ní Anago. Ní Àbíjàn, àdúgbò Treichville di ibi tí a ti lè gbọ́ Yorùbá Èjìgbò bí ẹni pé ilé ni a wà. Nígbà tí Côte d'Ivoire gba òmìnira ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1960, àwọn ọmọ Èjìgbò tí wọ́n bí síbẹ̀ ti wà.

Láti nǹkan bí ọdún 1978 ni Côte d'Ivoire ti di orílẹ̀-èdè tí ó ń pèsè kòkó jù lọ ní ayé. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: kòkó tí kò gbà ní ilẹ̀ Èjìgbò ni ó ń sọ ọjà Àbíjàn di ńlá tí àwọn ọmọ Èjìgbò fi ń rí ohun tà.

Owó wá sílé. Ilé alámọ̀ di ilé bíríkì, òrùlé koríko di páànù, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pọ̀. Owó Àbíjàn wà lára ilé ìwé, ó wà lára mọ́ṣáláṣí, ó wà lára ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Èjìgbò, kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu kí ọmọdé sọ èdè Faransé, tàbí kí oníṣòwò gba owó sẹ́fà lọ́wọ́ oníbàárà. Ọkọ̀ ń gbéra láti Èjìgbò, ó ń gba Sẹmẹ̀, Kútọnu, Lomé àti Accra títí ó fi dé Àbíjàn. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn yìí, a sì ń fi í yangàn.

Ṣùgbọ́n owó Àbíjàn kọ́ ilé púpọ̀, kò ro oko púpọ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kì í hu iṣu.

Ìgbà tí ilẹ̀kùn ń tì

Àwọn baba wa ní, àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìtàn ti fi èyí hàn wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó fi ọjà àti ilé sílẹ̀ padà wá. Kí a má ṣe bínú sí àwọn ará Gánà nìkan: ní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì jáde, ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ní oṣù Jánúárì 1994, owó sẹ́fà já sí ìdajì lójú owó Faransé, láàárín ọjọ́ kan. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2002, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire, ó sì pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì. Lẹ́yìn ìdìbò tí wọ́n dì ní òpin ọdún 2010, ìjà tún bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Épírù 2011, ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò sì sá padà wálé pẹ̀lú ọmọ wọn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó kan àgbẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà 1998, wọ́n ṣe òfin ilẹ̀ oko ní Côte d'Ivoire. Òfin náà sọ pé ìjọba àti ọmọ orílẹ̀-èdè náà nìkan ni ó lè ní ilẹ̀ oko. Àjèjì lè yá a lò, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ di ti ọmọ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọmọ Èjìgbò lè fi ogójì ọdún ṣòwò níbẹ̀, kí ó kọ́lé, kí ó bímọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ oko tí ó lè sọ pé ti ìdílé òun ni, ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn tàbí ọ̀nà Ìláwọ̀ ni ó wà.

Ilẹ̀ tí ó ń dúró

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ara wa. Ẹni tí wọ́n bí sí Treichville, tí ó sá padà dé ní ọmọ ogójì ọdún, ta ni yóò mú un lọ sí oko baba rẹ̀? Arúgbó tí ó mọ ààlà ti lè kú. Pèrègún ti lè jóná nígbà tí wọ́n ń sun pápá. Ẹni tí wọ́n fi ilẹ̀ náà yá láti fi gbin ẹ̀gẹ́ ti lè gbin kaṣú sí i. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé lábẹ́ àṣà wa, ẹni tí ó ń ṣá ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin ohun tí a ń kórè lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n igi tí ó ń pẹ́ nílẹ̀, bí ọ̀pẹ, ọsàn, kòkó àti kaṣú, àṣẹ onílẹ̀ ni a fi ń gbìn ín. Bí ọdún bá gorí ọdún tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, igi yóò máa jẹ́rìí fún ẹni tí ó gbìn ín.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1978 náà wà níbẹ̀. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti fúnni ní ẹ̀tọ́ lílo ilẹ̀ oko. Ẹni tí ó ti ń dáko lórí ilẹ̀ kí òfin náà tó dé lè máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá nílò ilẹ̀ fún iṣẹ́ gbogbo ènìyàn, ohun ọ̀gbìn àti ohun tí a kọ́ sórí rẹ̀ ni owó gbà-má-bínú ń dá lé jù lọ. Ilẹ̀ tí ó wà lófìfo, tí onílẹ̀ sì wà ní Àbíjàn, kí ni a ó kà sórí rẹ̀?

Níbí ni ọ̀rọ̀ àwa tí a wà nílé ti wọlé. Àwa ni olùṣọ́. Bí àwa tí a wà nílé bá ta ilẹ̀ ẹni tí kò sí nílé, ọ̀nà ẹ̀wọ̀n babaláwo ọjọ́sí ni a ń tọ̀: a fi ẹ̀tọ́ du ẹni tí kò ṣẹ̀. Bí ẹni tí ó wà ní Àbíjàn náà bá fi ogún ọdún gbàgbé oko, tí kò fi owó oko kan ránṣẹ́, tí ó wá dé lójijì láti lé ẹni tí ó ń ro ó jáde, òun náà kò ṣe ẹ̀tọ́.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Ọdún 1935 ni wọ́n ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Látìgbà náà, ohun tí ẹnì kan kò lè dá ṣe ni ẹgbẹ́ ń bá a ṣe. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Èkíní, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan rin ààlà rẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí àgbà mú ọ̀dọ́ dání, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ó bá wọn pààlà sílẹ̀, kí àwọn wọ̀nyẹn sì fọwọ́ sí i. Kí wọ́n tún pèrègún tí ó bá kú gbìn.

Èkejì, kí ìwé àdéhùn wà láàárín onílẹ̀ àti ẹni tí ó ń ro ó: iye ọdún, irú ohun tí a ó gbìn, iye ìṣákọ́lẹ̀. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ tọ́jú ẹ̀dà kan. Ìwé yìí yóò gba àgbẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí yóò dé lójijì, yóò sì gba onílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí yóò gbàgbé pé àlejò ni òun.

Ẹ̀kẹta, kí a sọ fún àwọn ará wa ní Àbíjàn pé owó tí ó ń bọ̀ wá sílé kò gbọdọ̀ parí sí bíríkì. Ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́, àká tí kò jò, irúgbìn tí ó dára, ọ̀nà oko tí ọkọ̀ lè gbà: ìwọ̀nyí ni owó ẹgbẹ́ tilé àti ẹgbẹ́ tẹ̀yìn odi lè jọ rà. Ẹ̀kọ́ náà kò jìnnà. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 2006, wà ní Èjìgbò níbẹ̀. Kí àwọn ọmọ wa má ṣe máa gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lọ sí ìdíkọ̀ Àbíjàn láìbéèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe rìn. Ọ̀nà Àbíjàn ti bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé, ó sì tún ń bọ́ wọn. Ohun tí ìtàn Èjìgbò ń sọ fún wa ni pé ìgbàkígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn odi bá tì, ilẹ̀ ilé ni ó ń gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Kí ọmọ náà tó dé, kí a rí i pé ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kí a sì rí ẹni tí yóò fi ààlà hàn án.

Fún ìpàdé ẹgbẹ́ yín, ẹ jíròrò èyí:
1. Ilẹ̀ mélòó ní abúlé yín ni onílẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn odi? Ta ni ó ń tọ́jú rẹ̀?
2. Ta ni àgbà tí ó mọ ààlà jù lọ láàárín yín, ta sì ni ó ń kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀?
3. Bí ìdílé márùn-ún bá padà dé lọ́la, ibo ni ẹgbẹ́ yín lè fún wọn kọ ebè?

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo ọmọ tó lọ bá ilé, kí ó sì bá oko. Ó dìgbà o.